Ìyá Ìdérí àti Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú

Níbi iṣẹ́, Àǹtí Rólà ni wọ́n ń pè é. Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ ilé pátápátá, níbi tí kò sí fèrèsé, tí ooru omi gbígbóná sì máa ń mú kí ògiri làágùn bí ènìyàn. Rólà gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan á máa fi aṣọ tútù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kejì á dúró lódìkejì, á máa gbà á ní gbígbẹ, á sì máa ká a. Òun ló ń fi aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń ṣe é. Ọmọ náà ti wá ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti mọ iṣẹ́ náà débi pé, bó bá sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó ń padà sílé, apá náà á ṣì máa nà síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí itan rẹ̀, bí ẹni pé aṣọ ṣì kù.

Kì í ṣe oníjà, kì í sì í ṣe ẹni tí inú rẹ̀ ń bàjẹ́ ṣáá. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó ti sunkún rẹ̀ tán, ó ti rán ọmọ lọ síléèwé tán, àárẹ̀ tó sì yẹ kó lọ nígbà tí gbogbo ìyẹn parí kò lọ. Oorun kì í wo irú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, ṣe ló máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lówùúrọ̀, tí á máa wo bàtà rẹ̀ nílẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí bàtà kọ́kọ́ dìde.

Orúnkún ló gbé e dé etí òkun. Ìdúró ojoojúmọ́ ti bà á jẹ́, dókítà sì ní kó máa rìn lórí ilẹ̀ tó rọ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun tí àwọn ènìyàn ti máa ń lúwẹ̀ẹ́, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó padà sílé. Kò pẹ́ tó fi sú u. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìrìn tí kò níbi tó ń lọ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí kò lówó oṣù.

Ohun kan wà níbi iṣẹ́ tó máa ń mú ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ìyẹn ni àwọn nǹkan tó ń já bọ́ láti inú aṣọ: ṣíbí, gíláàsì ojú, yẹtí ẹyọ kan. Àní eyín àtọwọ́dá ti já bọ́ rí, gbogbo yàrá ìfọṣọ sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Bí nǹkan bá ti ró gbàngbàn nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ yíjú. Nítorí náà, nígbà tó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bákẹ́ẹ̀tì, àtùpà àti nǹkan ìṣeré pọ̀, ó dúró. Ọ̀pá kan ni, tó ní àwo pẹlẹbẹ lẹ́nu, àti àpótí kékeré kan lókè tó ń ké bí irin bá wà nísàlẹ̀. Àwòrán ọmọ kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lára páálí rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju owó bàtà lọ. Bàtà ló wá rà ní ti gidi, ẹ̀rọ ló gbé lọ sílé.

Ọmọ rẹ̀ yí páálí náà síwá sẹ́yìn, bó ṣe máa ń yí fóònù tí oníbàárà bá fi ìbínú gbé padà wá. Ó ní ike lásán ni, pé irú nǹkan báyìí kì í pẹ́ dákẹ́, pé bí ìyá òun bá fẹ́ ṣe irú eré yìí, ì bá ti jẹ́ kí òun bá a wádìí èyí tó dára. Ìyá ní òun kò wá wúrà.

“Kí lẹ wá fẹ́ máa wá, Màámi?”

Ìyá já páálí náà. Ó ki bátìrì bọ ẹ̀rọ náà, ó gbé e sún mọ́ ìkòkò, ẹ̀rọ sì ké. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe eré yìí ti wà ní etíkun náà ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni wọ́n, tí wọ́n máa ń pàdé lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi níbi àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ sínú yanrìn. Ẹ̀rọ wọn dúdú, ó gùn, ó ní bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká, wọ́n á sì fi nǹkan bo etí bí awakọ̀ bàálù. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Jìnlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ibi tí ẹ̀rọ òun ń gbọ́ dé nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló fi ń dáhùn. Olórí wọn jẹ́ àgbà ọkùnrin kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ po oògùn, tó sì ti fẹ̀yìn tì. Apòògùn ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ló wọ́n jù. Ó máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún kó tó gbé e sínú báàgì.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Rólà kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ débẹ̀, kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá tilẹ̀ sàn fún un bí wọ́n bá bú u. Ṣe ni wọ́n wò ó tìyanu-tìyanu, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wò ó tàánú-tàánú. Apòògùn kí i dáadáa, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan gbé e sókè, ó dá a padà.

“Ẹ má bínú, ìyá,” ó ní. “Nǹkan ìṣeré ni wọ́n tà fún yín. Yóò kàn dá yín lágara ni, ẹ ó sì rò pé eré yìí ni kò dára.”

Ó ṣàlàyé fún un pé ibi tí omi ń rin ni nǹkan gidi máa ń wà, nítorí ibẹ̀ ni òrùka ti ń yọ lọ́wọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú yanrìn tútù máa ń da irú ẹ̀rọ yẹn lórí rú. Àǹtí Rólà rò pé ọkùnrin náà kàn ń fi ìmọ̀ yangàn ni. Ó gbé e lọ sí etí omi. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì dákẹ́. Bó gbé e sọ́tùn-ún ó ń ké, bó gbé e sósì ó ń ké, bí ọmọ tí eyín ń hù. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ yíjú wò ó. Ó pa á, ó rọra gun orí yanrìn gbígbẹ padà.

Orí yanrìn gbígbẹ náà ló wá di àyè tirẹ̀, nítòsí àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń jókòó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bíà. Níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́, á sì ké nígbà tó yẹ kó ké, àmọ́ kì í gbọ́ ohun tó bá jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìdérí ìgò ló ń hú. Etí agolo. Bébà dídán inú páálí sìgá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, owó ẹyọ kan tó ti dípẹtà. Ó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó ń dí ihò tó bá gbẹ́. Jìnlẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á béèrè pé ìdérí mélòó la rí lónìí, ìyá. Kò pẹ́ tí orúkọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára: Ìyá Ìdérí.

Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, kò sì lè sọ. Nínú bọ́ọ̀sì, á gbé ẹ̀rọ náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fi gèlè bò ó, bí ẹni tó jí i gbé. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pinnu pé òun kò ní lọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, etí bẹ́ẹ̀dì ló máa jókòó sí, á sì tún máa wo bàtà. Ó ń lọ. Àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ náà kò burú. Wọ́n máa ń bu tíì fún un láti inú fìláásì wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá kó ohun tí wọ́n rí jọ sórí àtẹ̀gùn láti fi han ara wọn, kò sẹ́ni tí í sún fún un kí tirẹ̀ náà lè wà níbẹ̀. Wọ́n gbà pé àwọn tó ń ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ihò kiri, ó máa sú wọn, wọ́n á lọ. Wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tóun náà máa lọ.

Apòògùn ló kọ́kọ́ dàwátì. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Àǹtí Rólà kò ro ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, títí ọ̀sán ọjọ́ kan tó jáde níbi iṣẹ́, tó rí i lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń dúró de takisí. Rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ bà á. Apá rẹ̀ ọ̀tún rọ̀ jọwọlọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí Rólà kúnlẹ̀ kí wọn. Ọkùnrin náà kò tètè dá a mọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè ta ni.

“Ìyá Ìdérí ni,” ó ní. Bó ti sọ ọ́ tán ló sì gbé ojú sá, bí ẹni tí orúkọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ró létí rẹ̀.

Ìyàwó náà rò pé ìdérí ni iṣẹ́ rẹ̀, pé bóyá ó ń tà á. Àǹtí Rólà ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn obìnrin méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wá tú ọ̀rọ̀ jáde, bó ti máa ń rí fún ẹni tó ti ń dá tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Ó ní ọkọ òun kì í fẹ́ jáde mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ti ògiri pálọ̀, ó sì ń wò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà sì fà á ṣubú sórí àga. Apòògùn ń wo ojú títì. Takisí dé, wọ́n sì lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí Rólà fi ń ronú kàn án bó ṣe ń ki aṣọ bọ rólà lẹ́nu. Ó mọ apá tó ti di ẹrù fún ẹni tó ni ín. Tirẹ̀ náà, láàárọ̀ tí òtútù bá mú, kì í lè gbé kọ́ọ̀bù tíì dé ẹnu.

Ìyàwó náà ṣáà rí ọkọ rẹ̀ mú jáde. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n wá jókòó lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ẹgbẹ́ wá kí i, wọ́n sọ̀rọ̀ ìwúrí, wọ́n dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni omi òkun fà sẹ́yìn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ wọn tẹ̀ lé e, torí ibẹ̀ ni nǹkan wà. Àtẹ̀gùn dá páropáro. Ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ àti obìnrin tó ń hú ìdérí ló kù.

Àǹtí Rólà lọ bá a, ó na ẹ̀rọ rẹ̀ sí i.

“Ẹ gbà á, ọ̀gá. Kò wúwo.”

Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ ti ń nira fún un láti pè. “Nǹkan ìṣeré yẹn?”

“Òun náà ni, sà.”

Ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Ìyàwó dì í mú lábíyá, ọkọ sì ń fi àwo ẹnu ẹ̀rọ náà gbá orí yanrìn díẹ̀díẹ̀, lọ́nà wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹni tó ń kọ́ gbígbálẹ̀. Kò rìn jìnnà tí ẹ̀rọ fi ké. Àǹtí Rólà kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó gbé ohun tó wà níbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìdérí ìgò ni, tó ti pọ́n fún ìpẹtà. Apòògùn wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e sápò. Ó ní kí wọ́n tún rìn síwájú.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń wá bí ara rẹ̀ bá gbà, ó máa ń fi ẹ̀rọ ike náà rìn, Àǹtí Rólà á sì máa bá a gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ńlá náà wá nínú báàgì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ní kó gbé e wá. Ó ní kí Ìyá Ìdérí máa lò ó níbi omi, dípò kó máa jókòó ti arúgbó.

Ó lò ó. Ó wá rí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ. Yanrìn tútù kò dà á rú. Ohùn kan ló fi ń pe ìdérí, ohùn mìíràn ló fi ń pe owó, ó sì ń gbọ́ ohun tó jìn ju bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè gbẹ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rí owó ẹyọ rẹpẹtẹ, kọ́kọ́rọ́ kan, àti òrùka ìgbéyàwó ọkùnrin, tó nípọn, tó sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Jìnlẹ̀ fúnra rẹ̀ sún lórí àtẹ̀gùn kó lè rí ibi tẹ́ nǹkan rẹ̀ sí. Ó pè é ní màdáámú. Gbogbo wọn yí i ká. Ó kíyè sí i pé bí wọ́n ṣe ń kí i, ara ẹ̀rọ ni ojú wọn wà.

Ó gbé òrùka náà lọ fún àwọn tó ń ṣọ́ omi, wọ́n sì bá a lẹ ìwé mọ́ pátákó pé kí ẹni tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ wá gbà á. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn díẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, èjìká rẹ̀ ń jó bí iná. Kò lè na apá dé ẹnu rólà. Aṣọ wọ́, ó ká kò, rólà gbé e mì, gbogbo iṣẹ́ sì dúró tí wọ́n fi tú u jáde. Ọ̀gá yàrá ìfọṣọ bínú sí i lójú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Ẹni tó máa ń ká aṣọ lódìkejì ló bá a pààrọ̀ àyè títí ọjọ́ fi lọ, kò sì sọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀, èyí tó tilẹ̀ mú kí ojú túbọ̀ tì í. Ó tún gbìyànjú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà ló rí. Kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ, kó tún wá gba iṣẹ́ mìíràn ní etíkun.

Ó dá a padà. Apòògùn rò pé ó bà á jẹ́ ni.

“Ẹ̀rọ yín dára, ọ̀gá,” ó ní. “Apá mi ni kò dára.”

Ọkùnrin náà wo apá ara rẹ̀, ó wo apá obìnrin náà. Ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń lo ẹ̀rọ ike kan ṣoṣo náà. Bó bá rẹ ọ̀kan, á na án sí èkejì. Ó sábà máa ń tètè rẹ àwọn méjèèjì, wọ́n á sì jókòó sórí yanrìn, wọ́n á máa wo àwọn tó wà létí omi.

Ọjọ́ kan ni Jìnlẹ̀ bá wọn níbẹ̀. Bóyá ó ti ń rò ó tipẹ́ ni. Ó béèrè lọ́wọ́ Apòògùn lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé kí ló dé tí ẹni tó kọ́ àwọn pé kí àwọn má fọwọ́ kan irú pàǹtírí yìí fi wá ń gbé e kiri. Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. Ó jọ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

“Èyí ni mo lè gbé,” ni Apòògùn dáhùn.

Jìnlẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó tún bẹ́líìtì èjìká rẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lọ. Kò béèrè iye ìdérí mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn mọ́.

Kí òtútù tó dé, àkọ́bí Apòògùn wá kó àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ìlú tó ń gbé, torí àtẹ̀gùn pọ̀ jù nílé wọn, ìyá sì ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Àǹtí Rólà lọ kí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù. Pálọ̀ ti ṣófo. Apòògùn jókòó sórí àga kan tó kù, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá náà fún Àǹtí Rólà, pé ó ti di tirẹ̀. Ó kọ̀, ó kọ̀, ìyàwó sì fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà. Ó gbà á. Kò sí ohun tí òun náà lè gbé sílẹ̀ fún wọn, àfi ẹ̀rọ ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó gbé wá nítorí ó rò pé wọ́n á tún rìn díẹ̀. Ó fi lé ọkùnrin náà lórí itan. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ wọn ọkùnrin rò pé ìṣeré àwọn ọmọ òun ni, ó sì fẹ́ gbé e sínú páálí ìṣeré, bàbá rẹ̀ sì fi apá òsì dì í mú.

Ẹ̀rọ ńlá wá dúró sígun yàrá Àǹtí Rólà. Ọmọ rẹ̀ wá iye owó ẹ̀rọ náà lórí fóònù, ó pariwo, ó sì ní kí wọ́n tà á. Jìnlẹ̀ náà béèrè bóyá ó máa tà á. Kò tà á. Bí èjìká bá gbà, á gbé e jáde. Kì í sábà gbà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù bákẹ́ẹ̀tì láti ra irú ti àkọ́kọ́, wọn kò sì tà á mọ́. Àwòrán ọmọ pupa ló wà lára páálí èyí tí wọ́n ní, ó sì rà á, àmọ́ èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí fóònù bá dún nínú àpò ènìyàn tó ń kọjá, á ké. Ọmọ rẹ̀ fi téèpù dúdú di ọrùn rẹ̀ tó ti ya, ó sì máa ń mú bátìrì bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Nǹkan mìíràn kò yí padà. Rólà ń yí, ògiri ń làágùn. Ẹnikẹ́ni kò wá gba òrùka náà. Àwọn ọjọ́ ìsinmi kan wà tí kò lọ síbikíbi, tó kàn sùn.

Apòògùn máa ń pè é lórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ nọ́ńbà, á sì gbé e sí i létí. Ohùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní gbọ́ ìdajì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Àǹtí Rólà ń bọ́ bàtà iṣẹ́, ìpè náà wọlé. Apòògùn ní wọ́n ti gbé òun àti ẹ̀rọ ike náà yí ẹ̀yìn ilé ọmọ òun ká.

“Kí lẹ rí, sà?”

“Ìṣó,” ó ní. “Ìṣó ṣáá ni. Àwọn tó kọ́ ilé yìí kò mọ ìṣó gbá mú.”

Àǹtí Rólà bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ó rẹ òun. Àǹtí Rólà ní ó rẹ òun náà. Ìyàwó Apòògùn ń sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀, Àǹtí Rólà sì bọ́ bàtà kejì.